Ṣé Kí N Ṣe Ìnṣọ́ránsì fún Biddy?

                                                  Cloonaderg,
                                                  Ballyvarra,
                                                  Galway, Ireland.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2018.

Goretti, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìfaradà èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ-ọmọ rẹ tuntun ńkọ́, tí ẹ ní imú mi ló gbé wá sáyé? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, imú ìdílé wa ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pín in fún gbogbo wa. Ṣé oòrùn Perth ọ̀hún ò tíì sun yín jóná? Èmi náà wà, ara sì le, àfi orúnkún òsì mi tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀, bí ẹni pé ní Galway níbí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ìyẹn fúnni.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ni o máa pé ọgọ́ta ọdún, kí n wá bá ọ ṣe é, àti pé bí mo bá tún fi ẹran ọ̀sìn kankan ṣe àwáwí lọ́tẹ̀ yìí, kí n má pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo wo ojú fèrèsé. Ẹṣin kan ló ń wò mí láti ìta. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú pápá ẹ̀yìn ilé kí lẹ́tà rẹ tó dé. Jọ̀ọ́, má tíì fa ìwé yìí ya. Kà á dópin kí o tó bú mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Malachy Tierney jọ lọ sí ọjà ẹṣin oṣù kẹwàá. O rántí wọn, àwọn ló ni ilé ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, ilé mi ni wọ́n ti ń mu tíì lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n sì ń sọ pé tíì mi ò dùn. Mo ní mo kàn fẹ́ wòran ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ilé tí wọ́n ti bí wa. Ọmọ Peadar Grealish kì í wo ẹṣin lásán.

Abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sá fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wo àwọn èèyàn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó ń tà á ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta yúrò ló sì fẹ́ gbà. Mo ní irínwó. Àwàdà ni mo ń ṣe o. Kí n tó ṣẹ́jú, alárinà ti yọ. O mọ irú wọn, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́, tó máa ń yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí yóò sì di ọwọ́ ẹni tó ń rà àti ọwọ́ ẹni tó ń tà mú.

"Ẹ mú ọwọ́ wá, màmá!" ni alárinà náà pariwo. "Ẹ pín ìyàtọ̀ yẹn sí méjì, kí gbogbo wa rílé lọ!"

"Mi ò tíì ní mo fẹ́ rà á o."

"Ẹnu yín ni ò tíì sọ ọ́. Ojú yín ti sọ ọ́ tán."

Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ti ọlọ́jà náà, pàá! Ó parí nìyẹn. Bí ọwọ́ bá ti kan ọwọ́ báyìí, ẹni tó bá yẹhùn, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ láti ibí dé etíkun, Bàbá ì bá sì jáde láti inú sàréè wá bá mi.

Ó wá ku owó oríire, èyí tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ dá padà fún ẹni tó ra ẹṣin, kí ẹṣin náà lè gbé ire wọlé. Ọkùnrin náà na yúrò márùn-ún sí mi. Goretti, márùn-ún!

"Kí ni kí n fi èyí ṣe?" ni mo bi í. "Ṣé kí n fi ra ẹyin ni?"

"Màmá, ẹṣin olówó pọ́ọ́kú ni. Oríire ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré."

"Owó ẹṣin ló kéré, oríire mi kọ́. Ogún ni kẹ́ ẹ mú wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibí yìí ni màá sùn."

Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi jà á. Èrò pé lé wa lórí, àwọn kan tiẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ lé wa. Mo pe orúkọ Bàbá, mo pe orúkọ bàbá Bàbá. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà fi ogún yúrò lé mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Mo wọ ọkọ̀ padà sílé bí ajagunṣẹ́gun, ẹṣin mi lẹ́yìn. Biddy ni mo sọ ọ́.

Ó wá kan ìwọ báyìí. Owó bàálù tí mo fẹ́ fi wá sọ́dọ̀ rẹ ti pé, ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ballyvarra. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni o ní kí n lò. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ tí ìfun Biddy lọ́ pọ̀, bí ìfun ẹṣin ṣe máa ń ṣe láìsọ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, iṣẹ́ abẹ náà sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yúrò. Mo wá rò ó pé bí mo bá ṣe ìnṣọ́ránsì fún un, àwọn aládójútòfò ni yóò gbé ẹrù ìyẹn, èmi á sì fi owó mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mi ò bá ṣe é, àfi kí n jókòó ti owó náà nílé, kí n máa ṣọ́ ìfun ẹṣin. Nítorí náà, nígbà tí mo ń bi ara mi bóyá kí n ṣe ìnṣọ́ránsì tàbí kí n má ṣe é, bóyá kí n wá tàbí kí n má wá gan-an ni mo ń bi ara mi.

Bọ̀ọ̀dá Malachy ò fẹ́ gbọ́ rárá.

"Èló ni wọ́n ní kí o máa san lọ́dún?" ni wọ́n bi mí, ife tíì lọ́wọ́.

"Irínwó ó dín díẹ̀."

"Irínwó! Èló lo ra ẹṣin?"

"Ṣebí ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀ o, ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, o ti ra ẹṣin yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹṣin kan ṣoṣo náà ló ṣì máa wà ní pápá. Ta ló ń ṣe irú òwò yẹn, Dympna?"

"Tí ìfun ẹ̀ bá wá lọ́ ńkọ́?"

"Wàá lọ ra òmíràn. Wọ́n á tún fún ọ lówó oríire, ìwọ tí o fẹ́ràn ẹ̀."

Mo gba ife tíì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kò burú, pé kò kúkú dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Sorcha sọ yàtọ̀. Ọmọ Lavelle ni, èyí àbígbẹ̀yìn, òun ni dókítà ẹran wa báyìí. Ó wá fún Biddy ní abẹ́rẹ́, mo sì bi í léèrè ohun tó rò.

"Àǹtí Dympna," ló wí, "ẹ má fi iye tí ẹ rà á ṣe ìṣirò. Ìfun ẹṣin ò mọ iye tí wọ́n rà á. Ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń la inú ẹṣin ọlọ́rọ̀ àti inú tiyín, owó kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tó ra ẹṣin olówó iyebíye lè san án. Ẹṣin olówó pọ́ọ́kú gan-an ló máa ń sọ olówó ẹ̀ di aláìní."

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọ̀ mí létí. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e lóhùn dídùn gan-an, ó sì ní ìbéèrè ju fadá tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ lọ.

"Kí ni ẹṣin yín máa ń ṣe, mà? Ṣé ó ń sáré ìdíje ni, àbí ó ń fo igi?"

"Ó máa ń jẹun."

"Ó dáa, mà. Yàtọ̀ sí ìyẹn?"

"Ó máa ń dúró."

Mo gbọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ. Mo búra fún ọ, ó tẹ̀ ẹ́.

"Èló ni kí n kọ pé ẹṣin náà tó, mà?"

"Sọ pé ẹgbẹ̀rún méjì!" ni Bọ̀ọ̀dá Malachy ké láti orí àga.

"Irọ́ nìyẹn!"

"Irọ́ kọ́. Ọ̀wọ̀ la fi ń wọ̀ ọ́!"

Mo sọ òtítọ́ fún obìnrin náà. Ó ní kò sí wàhálà, kí dókítà ẹran kan ṣáà ti yẹ Biddy wò, kó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí sínú fọ́ọ̀mù, kó sì fọwọ́ sí i. Mo ti gbé àpótí ìrìn-àjò sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà lọ́jọ́ yẹn. Aláǹtakùn mẹ́ta ni mo lé jáde nínú rẹ̀.

Sorcha tún wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbọ́ ọkàn Biddy, ó gbọ́ inú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu rẹ̀, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Àǹtí, ọdún mélòó lẹ ní wọ́n ní ó jẹ́?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó tún tàn án padà, ó tún wò.

"Mẹ́sàn-án tí wọ́n ń wí yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

Bọ̀ọ̀dá Malachy, tí wọ́n gbé tíì wọn jáde wá wòran, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Eyín ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa ń dúró ṣánṣán ni," ni Sorcha wí. "Tiwọn yìí gùn, ó sì na síwájú. Àǹtí, ìyá àgbà ni wọ́n o. Wọ́n á ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Pásípọ́ọ̀tù wọn dà? Ọdún tí wọ́n bí wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀."

Pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìdánimọ̀ tí gbogbo ẹṣin gbọ́dọ̀ ní níbí báyìí, wà nínú dúrọ́ọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á ní ọjà, mi ò ṣí i wò, torí Bàbá máa ń sọ pé ìwé lè parọ́, eyín ò lè parọ́. Mo ṣàlàyé èyí fún Sorcha tìgbéraga-tìgbéraga.

"Ó dáa. Ẹ wá wo eyín náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbọn eruku lára Biddy. Bọ̀ọ̀dá Malachy ló bá mi dáhùn.

"Níbo ló ti fẹ́ ráyè? Owó oríire ló ń jà fún. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko! Ẹnu ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, kò ṣí i. Ogún yúrò ló ń wò."

Goretti, èmi, ọmọ Peadar Grealish! Ọkùnrin tó máa ń la ẹnu ẹṣin kó tó kí ẹni tó ni ín! Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ inú ìkòkò. Mo lọ mú pásípọ́ọ̀tù náà wá, a sì ṣí i. Ọdún 1994 ni wọ́n bí Biddy. Ọdún tí o kó ẹrù rẹ lọ sí Perth ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Mo gbójú sókè wò ó, ó ti ki imú bọ àpò Sorcha, ó ń wá ápù. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, mo sì pe obìnrin olóhùn dídùn padà. Ó ní kí n má bínú, pé ẹṣin tó bá ti lé ní ogún ọdún, àwọn ò lè gba ìnṣọ́ránsì àìsàn fún un mọ́. Ó ní ohun tí àwọn lè gbà fún un ni ti pé bó bá jáde lọ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tàbí tó ba ohun ìní wọn jẹ́. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí dáadáa nìyí, torí mi ò sọ ọ́ rí fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa. Nígbà tí obìnrin yẹn ní rárá, inú mi dùn.

"O ń kọrin," ni Bọ̀ọ̀dá Malachy wí lẹ́yìn mi.

"Ṣé orin ti di èèwọ̀ ni?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó máa dá ọ dúró sílé fún ọ tán, o sì ń kọrin. Lọ́jọ́sí, òrùlé lo fi ṣe àwáwí. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò yá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kú tán, o ní ò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, o lọ ra ìyá àgbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Dympna, ìfun ẹṣin kọ́ lò ń bẹ̀rù."

Mo la ẹnu láti bú wọn, ẹkún ló jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàálù ò bà mí lẹ́rù. Ọdún kọkànlá rèé tí o ti wá sin Màmá tí o sì padà, láti ìgbà náà lẹ́rù ti ń bà mí pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, n ó rí i pé ayé rẹ ti kún, pé kò sí àyè tó ń dúró dè mí níbẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni ìgbà tí n ó padà dé. Ní báyìí, ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí ti mọ́ mi lára. Bí mo bá gbọ́ ariwo ilé rẹ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí ni n ó wá gbọ́ níbí? Ẹni tí kò bá lọ, kò ní padà bọ̀. Gbogbo èyí ni mo sọ níwájú Sorcha, ọmọ tí mo gbé jó, n kò sì bò ó.

Sorcha fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó sì jókòó.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ká ní wọ́n gbà. Ká ní wọ́n máa san gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà. Bí Biddy bá dùbúlẹ̀ lọ́la tí ìfun ẹ̀ lọ́, ṣé ẹ máa gbé ìyá àgbà ọdún mẹ́rìnlélógún sọ́kọ̀, ẹ lọ la inú ẹ̀, kó dúró nínú ìrora fún oṣù méjì?"

Mi ò ronú rárá. "Ká má rí i. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún un."

"Kí wá lẹ fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì fún?"

Bọ̀ọ̀dá Malachy gbé ife tíì wọn sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé kò dùn. Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, mo ń sáré kiri láti sanwó sílẹ̀ de ohun tí mi ò ní ṣe láéláé. Mo mú ìwé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: bí ìfun Biddy bá lọ́ nígbà tí mi ò sí nílé, kò sí iṣẹ́ abẹ. Kí Sorcha fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa sùn lọ, kí ó má jẹ̀rora. Kí Malachy Tierney di orí rẹ̀ mú títí yóò fi parí, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Mo sunkún díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fọwọ́ sí i, Sorcha fọwọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá Malachy ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i àfi bí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sílẹ̀ fún wọn, kí àwọn lè fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún mu tíì tó dáa.

Mo ṣe ìnṣọ́ránsì kan ṣá o, má rẹ́rìn-ín. Mo gba èyí tó máa san fún ẹni tí Biddy bá ṣe ní jàǹbá, torí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó gba ibi tí wáyà ti já jáde, ó dúró sí àárín títì nígbà tí fadá ń wakọ̀ bọ̀ láti Máàsì. Fadá fọn fèrè ọkọ̀, ó kí i, ó bẹ̀ ẹ́, kò dá a lóhùn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ìnṣọ́ránsì náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ fún wọn pé mi ò ṣe é fún ẹṣin, àwọn aládùúgbò ni mo ṣe é fún.

Àná ni mo gba owó jáde lọ́wọ́ ẹgbẹ́, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ni n ó dé Perth, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún un pé kó má gbé àpótí mi nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ-ọmọ wa náà lórí imú. Bọ̀ọ̀dá Malachy ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì máa ń ṣe orí kunkun. Sorcha náà kí ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Bí fóònù bá dún lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, tí o gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Malachy, tí wọn ò sì ṣàwàdà, má gbé e fún mi lórí ìdúró. Kọ́kọ́ wá àga fún mi, kí o sì jókòó tì mí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bọ̀,

Dympna.